Aṣọ Bẹ́ẹ̀dì Tó Jó Lórí Gíríìdì

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Irọ́ tèmi ti rìn jìnnà ju ìyẹn lọ: ó ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń gbaṣẹ́ níbi iṣẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ẹnu mi ṣì mọ́, ẹsẹ̀ mi ṣì gbé mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pè ní Baba Gíríìdì. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, ẹ fara balẹ̀, n ó ṣàlàyé, nítorí kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó kí n máa ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi ní lọ́jọ́ tí mo bá kú, n ó kọ́kọ́ dìde ṣàlàyé bí ìdérí pósí ṣe ń tì kí n tó gbà kí wọ́n sin mí.

Orí ọkọ̀ ojú irin tó ń lo iná mànàmáná, ìyẹn èyí tó ń fa àwọn yòókù, ní mọ́tò tó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ń gun òkè, mọ́tò yẹn ń jẹ iná. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí awakọ̀ sì fẹ́ kó rọra, ọ̀rọ̀ á yí padà: ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló máa wá ń yí mọ́tò, mọ́tò á máa pèsè iná dípò kó máa jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ìpèsè yẹn ló ń wúwo sí ọkọ̀ lẹ́sẹ̀ tí eré rẹ̀ fi ń dín kù; bíréèkì rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iná tí a pèsè kò ṣeé kó sápò. A ní láti dà á síbì kan, ibẹ̀ sì ni gíríìdì: irin pẹlẹbẹ tí a ká wọ́rọ́kọ-wọ̀rọ̀kọ̀, tí a tò sínú àpótí. Iná á wọ inú irin, irin á pọ́n bí ojú ẹni tó ń bínú, fáànù abẹ́ rẹ̀ á sì máa fẹ́ ooru náà gba ẹnu òkè jáde. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ronú kan fáànù yìí. Dípò kí a máa wá iná ọ̀tọ̀ fún un, mo so ó mọ́ ara gíríìdì fúnra rẹ̀. Bí bíréèkì bá ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ ni fáànù á ṣe yára tó. Iná ló ń bọ́ atẹ́gùn tó ń tù ú lára. Ọ̀gá wa mi orí, ó ní mo gbọ́n. Ọgbọ́n yẹn náà ló gbé mi ṣubú.

Ẹni tó ń tọ́jú fáànù nínú yàrá ìdánwò, níbi tí a ti ń fi ẹ̀rọ ṣe bí ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀, ni àbúrò mi kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Atẹ́gùn. Kì í ṣe àbúrò ọmọ ìyá, àbúrò ẹnu iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun ọ̀sán. Bó bá so fáànù tán, á di ojú, á na ọwọ́ sí ẹnu rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ọmọ ọwọ́ ń mí sí lára. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Atẹ́gùn, ṣé ìwọ lo bí i ni?” Á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹ̀yin àti ariwo yín.”

Lọ́dún kan tí òjò kò fẹ́ dá, ìyàwó mi bí àkọ́bí wa. Yàrá kan àti pálọ̀ kékeré la ní. Okùn aṣọ gba pálọ̀ já láti igun dé igun, àwọn àlejò sì ń tẹ orí ba gba abẹ́ ìledìí wọlé bí ẹni ń wọ ilé ọba. Aṣọ kò gbẹ. Gbogbo ilé ń rùn bí aṣọ tí a kó pamọ́ ní tútù. Èmi wá ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, mo ń wo ooru tó tó ilé mẹ́wàá yáná, tó ń bá òrùlé jáde lọ lásán. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìledìí sínú àpò irinṣẹ́ mi, lábẹ́ sípánà. Mo fi ọ̀pá irin kan dábùú ẹnu òkè àpótí gíríìdì, mo ń sá aṣọ sí i nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni. Kí ènìyàn tó kọrin kan tán, ó ti gbẹ, ó ti gbóná, ó rọ̀ bí òwú. Ìyàwó mi ní, “Baba ọmọ, ibo lẹ ti ń rí oòrùn?” Mo ní, “Ibì kan wà tí oòrùn kì í wọ̀.” Ó ń fi mí yangàn fún gbogbo ará ilé. Mo ń gbérí kiri. Ẹ wo òmùgọ̀!

Ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, àlejò ńlá ń bọ̀ wá wo gíríìdì wa ní ọ̀sán, kí wọ́n mọ̀ bóyá wọ́n máa gbé e sórí ọkọ̀. Mo tètè dé láti mú ẹ̀rọ gbóná sílẹ̀. Ohun tó wà nínú àpò mi lọ́jọ́ náà kì í ṣe ìledìí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni, èyí tí ìyá ìyàwó mi fún wa nígbà ìgbéyàwó, funfun báláú, òdòdó aláwọ̀ ojú ọ̀run yí etí rẹ̀ ká. Mo so etí rẹ̀ kan mọ́ ọ̀pá. Atẹ́gùn fáànù gbé e sókè, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Mo dúró, mo ń wò ó, inú mi ń dùn. Ni ọ̀gá bá pè mí láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Mo wá ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ rere máa ń ṣe: mo pa bíréèkì kí n tó kúrò nídìí ẹ̀rọ. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi so fáànù mọ́ iná, mo gbàgbé pé bí iná bá kú, atẹ́gùn á bá a kú, ṣùgbọ́n irin kò ní tíì tutù. Atẹ́gùn fáànù dá. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì rọra sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ lé orí irin pípọ́n, bí ìyá tó ń da aṣọ bo ọmọ.

Nígbà tí mo padà dé, èéfín ti gba yàrá. Mo fà á, ó ń já sí mi lọ́wọ́. Èyí tó kù ti jó wọ àárín irin lápá òsì, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí oúnjẹ tó jó mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn. Mo ti àkísà bọ àpò, mo ṣí fèrèsé kí èéfín lè jáde, mo dé ìdérí àpótí, mo ní n ó tú u bó bá yá. Kò yá. Àlejò ti dé ṣáájú àkókò. Wọ́n pe Atẹ́gùn kó ṣí ẹ̀rọ, mo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó tí kò rí bàtà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò rí apá òsì gbà kọjá. Irin apá ibẹ̀ gbóná kọjá ààlà. Irin tó bá sì gbóná máa ń gùn sí i. Bóòtì ti dì í mú lórí, ó dì í mú nídìí, kò ríbi nà sí, ó tẹ̀ kọdọrọ, ó fara kan ẹnìkejì rẹ̀. Pàà! Iná ṣẹ́ yanran. Àlejò kan tó wọ kóòtù gba ojú fèrèsé jáde, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Nígbà tí a tú àpótí, ìyókù aṣọ ti di eérú, afẹ́fẹ́ sì ti gbé eérú lọ. Ọ̀gá ní, “Ta ló so fáànù?” Gbogbo ojú yí sí Atẹ́gùn. Ọ̀gá kọjú sí mi: “Ìwọ, kí lo rí?” Mo ní, “Ọ̀gá, ó jọ pé atẹ́gùn ò dé apá òsì.” Ẹ ò rí ìwà ìkà? Òtítọ́ ni mo fi purọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Atẹ́gùn-Ò-Dé, wọ́n sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tún iná iwájú ọkọ̀ ṣe.

Èyí kọ́ ló burú jù. Ó wá bá mi nílé, ó jókòó sí abẹ́ okùn aṣọ, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ibo ni mo ti ṣàṣìṣe? Mo rò ó títí, mi ò rí i.” Mo rí i pé bó bá ń rò ó lọ, á rò ó débi òtítọ́. Mo wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bí olùkọ́ sọ fún un pé, “Àbúrò, ewé fáànù kan ló wọ́ díẹ̀. Ká ní o fi àtàǹpàkò ra ewé kọ̀ọ̀kan kí o tó so ó ni, ò bá mọ̀.” Kò sí ewé tó wọ́. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè, ó wò ó bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ o! Láti ìgbà náà kò fọwọ́ kan fáànù mọ́, títí kan ti àjà ilé rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ìyàwó rẹ̀ ń pè láti tún un ṣe.

Èmi ńkọ́? Mo ń ga sí i. Nígbà tí mo ń tú gíríìdì tó jó, mo rí irin kan láàárín èyí tó bàjẹ́, tí bóòtì ìdí rẹ̀ ti tú fúnra rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni kò tẹ̀: ó nà nígbà tó gbóná, ó sún padà nígbà tó tutù. Mo wá ń di irin mú lápá kan ṣoṣo, mo ń ki apá kejì bọ ihò amọ̀ sísun kó máa rí ààyè sún. Gíríìdì kò jó mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún so fáànù mọ́ bátìrì, kó lè máa fẹ́ lọ lẹ́yìn tí bíréèkì bá ti kú, títí irin á fi tutù. Wọ́n ní, “Báwo lẹ ṣe ronú kan èyí?” Mo ń wo òkè àjà. Ọmọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni àwọn méjèèjì.

Ìyàwó mi wá aṣọ náà títí, ó wá fẹ̀sùn kan àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Ó ní, “Aṣọ ò lẹ́sẹ̀!” Ìyẹn ní, “Èmi náà ò lọ́wọ́ olè!” Ó kẹ́rù rẹ̀, ó lọ. Títí di òní, bí wọ́n bá pàdé, wọ́n ń kí ara wọn bí ẹni ń tu ẹ̀gún. Mo jókòó láàárín wọn, mo ń jẹun.

Ohun tó yí mi padà kò ju báyìí lọ. Iṣẹ́ mi ku díẹ̀ kó parí, ọ̀gá tuntun sì ní orúkọ mi ni wọ́n máa kọ sí ara ògiri yàrá ìdánwò lọ́jọ́ ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì mi. Mo ń kọjá lọ, mo rí ọmọbìnrin kan, òṣìṣẹ́ tuntun, tó kúnlẹ̀ ti fáànù, tó ń fi àtàǹpàkò ra ewé kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ pé, “Atẹ́gùn, dé o. Atẹ́gùn, dé o.” Mo ní, “Kí nìyẹn?” Ó ní, “Òfin ni, bàbá. Wọ́n ní ẹnì kan kọ̀ láti ṣe é nígbà kan, gíríìdì jó.” Orí mi fò lọ. Irọ́ mi ti di ẹ̀kọ́! Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Atẹ́gùn wá sílé wa láti fi ọ̀rọ̀ ìyìn tó máa sọ nípa mi dánra wò. Ó dìde ní pálọ̀, ó nu ètè, ó ní, “Ọkùnrin yìí ló fi àṣìṣe mi hàn mí láìpariwo lé mi lórí…” Mo ní, “Jókòó, àbúrò. Ìyá ọmọ, wá jókòó.” Mo jẹ́wọ́ fún wọn, látorí ìledìí dórí ewé fáànù.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi?” Ó mú fóònù, ó ń wá nọ́ńbà àbúrò mi obìnrin bí ẹni ń lé adìyẹ. Atẹ́gùn gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìwọ.” Láti ọjọ́ tí a ti mọra, kò pè mí ní ìwọ rí. “Ìwọ rí mi tí mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara mi nínú ilé ara mi.” Mo dọ̀bálẹ̀. Èmi àgbà, mo na gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ní kó dárí jì mí. Ó jáde. Ó dúró sẹ́yìnkùlé títí ìyàwó mi fi sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, tó sunkún, tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wọlé, ó ní, “Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bẹ̀ mí ní pálọ̀. Inú yàrá ìdánwò lẹ ti bà mí jẹ́, ibẹ̀ lẹ ó ti tún mi ṣe.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, mo sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n pariwo, àwọn kan rẹ́rìn-ín, ọ̀gá tuntun kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe. Atẹ́gùn bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó gbé fáànù, kò fi àtàǹpàkò ra ewé kankan, ó so ó, ó di ojú, ó na ọwọ́. Ìyàwó mi àti àbúrò mi obìnrin jọ mú etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun kan wọlé, tútù rinrin, wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá, ìyàwó mi sì ní, “Baba Gíríìdì, bí ẹ bá jó èyí, ilẹ̀ lẹ ó máa sùn.” A ṣí bíréèkì. Aṣọ gbéra, ó fẹ́ lẹ́lẹ́. Atẹ́gùn kọjú sí mi láìla ojú, ó ní, “Ẹ pa á.” Mo pa á. Bíréèkì ti kú, irin ṣì ń pọ́n, fáànù kò dúró. Aṣọ wà lókè, ó ń fò, títí irin fi tutù. Nígbà náà ni Atẹ́gùn la ojú. Ó ní, “Ẹ gbọ́ ọ, gbogbo yín: atẹ́gùn dé.” Orúkọ tí wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà nìyẹn. Mo sì ní kí wọ́n fi tirẹ̀ ṣáájú tèmi lára ògiri.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fáànù, mo bẹ̀ yín, ẹ gba àtàǹpàkò yín sílẹ̀. Kò sí ewé tó wọ́ rí. Òfin yẹn, èmi ni mo purọ́ rẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tí atẹ́gùn ṣì ń fẹ́, nítorí ohun tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sórí irin gbígbóná, fífà kọ́ ló máa yọ ọ́. Ní ti aṣọ yín tí kò gbẹ lákòókò òjò, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo ti bá yín tọrọ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn iṣẹ́.