Ẹrù Tí N Ò Lè Bá Yín Gbé Délé

Alága ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Onitsha, Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀, ẹ̀yin tí ẹ fi ìsinmi ọjọ́ Sátidé yín sílẹ̀ nítorí tèmi, mo kí yín. Lèmọ́mù wa, bàbá tó kírun sí òkú ìyàwó mi lára, mo kí yín. Ìyá Ẹgbẹ́ wa, Màmá Sẹ̀gilọlá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá gbogbo wa wí bí ẹni pé a kò tíì já lẹ́nu ọmú, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin aládùúgbò wa tí ẹ wá láti Obosi, Mama Obiageli, ndị be anyị, ana m ekele unu o, mo kí ẹ̀yin náà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí mo ní ní ìlú yìí, ẹ kú ìjókòó.

Màmá Sẹ̀gilọlá ti ń ṣẹ́jú sí mi pé ìrẹsì ń tutù. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Èmi ni mò ń lọ, ìrẹsì kò lọ síbì kankan.

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni mo wọ ìlú yìí láti Ìsẹ́yìn. Ṣé ẹ rántí bí Upper Iweka ṣe rí nígbà náà? Ilé tí kò lórùlé, ilé tí kò nílẹ̀kùn, ògiri tí ọta ìbọn ti dá lu bí ajere. Ìṣó àti híńjì ilẹ̀kùn ni mo gbé wá. Wọ́n ní ta ni yóò rà á nínú ahoro? Ògúnṣọlá, ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ìwọ lo pín sọ́ọ̀bù rẹ fún mi ní Iweka Road nígbà tí n ò mọ ẹnì kankan. Rédíò rẹ ń pariwo lápá ọ̀tún, ìṣó mi wà lápá òsì, ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Títí dòní, bí mo bá ń rìn ládùúgbò, ilẹ̀kùn ni mo máa ń wò. N óò sọ fún ara mi pé èyí, híńjì mi ni. Inú mi a dùn.

Nígbà tí Bílíkísù ìyàwó mi kú, ẹ̀yin lẹ gbẹ́ sàréè. Ẹ̀yin lẹ gbé oúnjẹ wá títí mo fi bẹ̀ yín pé ó tó. Èmi àti Súlìyát ọmọ mi ló kù nínú ilé. Ẹ mọ Súlìyát, ọmọ tó ń fi èdè Ìgbò nájà ju àwọn tó ni èdè lọ. Ọmọ yẹn dákẹ́. Ó dàárọ̀, mo ti yó, bẹ́ẹ̀ ni, rárá: ohun tó ń bá mi sọ kò ju ìyẹn lọ mọ́.

Ó wá kan ilé-ìwé girama. Èyí tó sún mọ́ wa, wọn kò tíì tún un kọ́ tán tí ọmọ fi kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo yọjú sí kíláàsì wọn lọ́jọ́ kan, n ò rí ọmọ mi. Àwọn kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, àwọn kan rọ̀ mọ́ fèrèsé. Tíṣà ìṣirò ti sá lọ gba kọ́ńtíráàtì, owó epo ti dé, ta ló tún fẹ́ máa fín eruku ṣọ́ọ̀kì símú? Mo bi tíṣà tó kù pé báwo ni Súlìyát ṣe ń ṣe sí. Ó wò mí, ó ní, "Which one be Suliyat?" Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ọmọ náà ti ń jókòó níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ tó dákẹ́ nílé, tí wọn ò sì mọ̀ nílé-ìwé, níbo ló kù tí yóò ti sọ̀rọ̀?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ ní kí n ṣe bí gbogbo wa ti máa ń ṣe, kí n gbé e sínú bọ́ọ̀sì ní Upper Iweka, kí n fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi nílé. N ò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ níwájú Lèmọ́mù: kì í ṣe ìfẹ́ ọmọ nìkan ló dá mi dúró. Ẹ̀rù ilé òfo ló bà mí.

Mama Obiageli yìí ló pè mí lẹ́yìn ilé. Ó ní, "Papa Suli, my brother dey teach for one small school for Nsukka side. Na government school o. Carry the pikin go look am." Mo gbé e lọ. Orí òkè ni, ilé-ìwé ìjọba kékeré, ọmọ kíláàsì kan kò tó ọgbọ̀n, gbogbo tíṣà ló sì mọ orúkọ gbogbo ọmọ. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀kì ti kun aṣọ rẹ̀, kò bi Súlìyát ní ìṣirò kankan. Ó ní, "Gịnị ka ị chọrọ ịma?" Kí lo fẹ́ mọ̀?

Súlìyát kọ́kọ́ wo bàtà ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú ara. Ó fẹ́ mọ ìdí tí oògùn fi ń jẹ́ fún ẹnì kan tí kò sì jẹ́ fún ìyá òun. Èdè Ìgbò ló ń sọ, ó ń sáré sọ ọ́, èmi baba rẹ̀ ń gbọ́ ìdajì. Obìnrin náà jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, ó ń dá a lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọjú sí ògiri, mo sunkún. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Papa, I wan stay here."

Ilé-ìwé náà kò ní ibi tí ọmọ ń gbé. Bí yóò bá lọ ibẹ̀, èmi náà gbọ́dọ̀ kó lọ.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ wo ẹrù. Nígbà tí mo sọ pé mò ń kó lọ, ẹ pariwo pé Àdìó ń relé! Láàárín wa, ẹni tó bá kó kúrò ní Onitsha, ilé ló ń lọ, a ó sì di ẹrù fún un. Ẹnikẹ́ni kò bi mí pé níbo. Súwẹ́tà tí Màmá Sẹ̀gilọlá hun fún ọmọ-ọmọ wọn l'Ọ́yọ̀ọ́ dé. Ẹja gbígbẹ tí Akínbíyìí dì fún ìyá rẹ̀ dé. Rédíò tí Ògúnṣọlá fẹ́ kí n gbé fún bàbá rẹ̀ dé. Lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ la ẹnu, ṣùgbọ́n inú yín dùn fún mi jù. Mo kàn ń gbà á, mo ń tò ó jọ.

Ẹ foríjì mí. Ilé kọ́ ni mò ń lọ. Apá Nsukka ni mò ń lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Màmá, ẹ má káwọ́ lérí, n ò kú. Mo ti wádìí, kò sí Yorùbá kankan ní ìlú náà. Súlìyát yóò rí ẹgbẹ́, èdè wọn ló fi ń lá àlá. Èmi ni àlejò. Ìgbò tí mo gbọ́, ti ìṣó ni: èló ni, dín in kù, mú owó wá. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ pé àárò ń sọ mí.

Ẹ bá mi máa tu koríko orí sàréè Bílíkísù. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ fi ẹkún tu ti ọmọ yín. Ilẹ̀kùn yín kò ní di títì pa. Àwọn ọmọ yín yóò rí ẹni tó mọ orúkọ wọn, níbikíbi tí wọ́n bá jókòó sí.

Ohun kan ló kù. Ní ọ̀hún, wọn óò máa pè mí ní Papa Suli, wọn óò sì pè é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n Àdìó tí ìyá mi fi ń pọ̀n mí, tí Bílíkísù fi ń jí mi jẹ sààrì, ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí ẹ ń pè é. Kí kálukú tó gbé ẹrù rẹ̀ padà, ẹ bá mi pè é sókè lẹ́ẹ̀kan. Èyí nìkan ni mo lè gbé dé ibi tí mò ń lọ.

Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé mi. Mo ti dákẹ́. Mò ń gbọ́.