Omi Tí Mo Fi Pa Kákítọ́ọ̀sì Motúnráyọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó tún wọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó gbé mi ṣánlẹ̀ lóṣù Ọ̀wàrà ọdún 2007 yìí lè padà wá, kò sì ní kan ilẹ̀kùn. Èmi Karimot tí mò ń ta ata ní Mile 12, mi ò bẹ̀rù alága ọjà, mi ò bẹ̀rù ọlọ́pàá. Ohun kan ṣoṣo ni mo ti ń bẹ̀rù láti ọdún mẹ́ta: kí Motúnráyọ̀, tó ń gbé lókè orí mi nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa n'Íkòsí, má lọ mọ ohun tí mo ṣe fún un.

Kákítọ́ọ̀sì ló dà wá pọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ó dà bí ọrọ́ tí a fi ń ṣọgbà, àmọ́ kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ẹ̀gún ló sì bò ó. Motúnráyọ̀ ló fún mi ní àkọ́kọ́, ẹ̀ka kan tó já bọ́ lára ti ọ̀rẹ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìtọ́jú ẹ̀. Mo pa mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé yanrìn odò Agboyi ló fẹ́, kì í ṣe ilẹ̀dú. Pé agolo tòmátò tí a dá ihò sí nídìí tó o. Pé tí ọyẹ́ bá ti dé, a kì í fún un lómi rárá títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Òùngbẹ ló ń lé òdòdó jáde lára ẹ̀. Lọ́dún 2004, mọ́kànlá tèmi tanná lójú fèrèsé, pupa fòò bí ata rodo. Àwọn ará ẹ̀sítéètì ń yà wò ó.

Motúnráyọ̀ ní ọ̀kan péré. Oyèbámijí ọkọ ẹ̀ ló gbé e bọ̀ láti ìrìn àjò kan kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a. Ọkùnrin náà ti sọ fún un pé funfun ni òdòdó ẹ̀, pé kó ní sùúrù, yóò rí i. Ọdún mẹ́fà lobìnrin yìí fi dúró. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Gbàgádà, lórí àtẹ̀gùn, pé, "Ìyá aláta yẹn kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Kò mọ orúkọ òdòdó ẹ̀ gan-an." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ẹ̀gún lọ. Ṣé ó wá tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ ṣìkà? Kò tó. Èmi ni mo burú.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, òun fúnra ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. "Àǹtí Karimot, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe fún tiyín?" Mo wojú ẹ̀, mo fi orúkọ ọmọ ẹ̀ pè é, mo ní, "Omi ni, Mummy Wùmí. Ẹ ò rí bí ọyẹ́ ṣe ń la ètè àwa gan-an? Ife kan láràárọ̀." Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí ohun tí kì í ké sómi nínú ọyẹ́. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lóṣù Èrèlé, ó sáré wá pè mí pé ó ti rudi. Mo gòkè, mo rí i, ó rú bí àkọ́yọ eyín ọmọ ọwọ́. Mo fi ìka tẹ ìdí ẹ̀, ó ti ń rọ̀. Mo lè sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Ẹ sọ ọ́ di ife méjì." Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tó fi dojú bolẹ̀. Motúnráyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀, ó ń sọ pé ohun kan ṣoṣo tí ọkọ òun ní kóun dúró dè, òun ti fọwọ́ ara òun pa á. Mo ní kó má sunkún mọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a gbé e dànù.

Ibi tó burú jù rèé. Mi ò gbé e dànù. Orí ẹ̀ ṣì le, mo sì mọ̀ pé tí a bá gé e, tí a jẹ́ kójú ẹ̀ gbẹ, tí a tún un gbìn sí yanrìn, yóò yè. Mo gé e. Ó yè. Lọ́dún yìí ó tanná fún mi, funfun báláú, mo fi kọ́tìnì bò ó kí ẹni tó ni ín má bàa rí i. Olè ni mí.

Nígbà tí àìsàn wá dá mi dùbúlẹ̀, tí àwọn ọmọ mi wà ní Ìlọrin, ta ló ń fi ṣíbí fún mi ní ẹ̀kọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Motúnráyọ̀ ni. Ó ń nu itọ́ lẹ́nu mi, ó ń ṣìpẹ̀ fún mi pé kí n gbé e mì.

Lánàá, mo fi àpò gbé agolo tó wà nínú ẹ̀ kọ́rùn, mo di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú, mo gòkè lọ jẹ́wọ́ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Kò bú mi. Ìbá bú mi, ìyẹn ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ó gba agolo, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Omi ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ má fún un. Ẹ má fún un títí òjò yóò fi dé." Ó wojú mi, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ mọ nǹkan kan í ṣe, bí ẹni tó fi yín ṣẹ̀sín bá bi yín léèrè, ẹ júwe tààrà fún un. Motúnráyọ̀, mo tọrọ àforíjì. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ kàn gbà mí gbọ́ lórí omi yẹn, ẹ̀ẹ̀kan yìí péré.