Iná Tí Mo Fi Sítíkà Bò

Ògo! Mo tún ní ògo! Ẹ bá mi pariwo rẹ̀ fún Ọlọ́run tí kì í tú arúgbó síhòòhò láìfún un ní aṣọ bora!

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú pé mo jókòó. Orúnkún yìí ti fi ọdún márùndínlógójì dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé, ó tó kó sinmi. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ lónìí kì í ṣe ti àìsàn. Ẹ̀rí mọ́tò ni. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, ẹ̀rín yẹn ò ní pẹ́.

Ẹ mọ mọ́tò mi, aláwọ̀ eérú tí mo máa ń gbé sábẹ́ igi máńgòrò níta yẹn. Ẹ sì mọ Akínwándé, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, tó ń gbé Oǹdó, tó máa ń jókòó sí bẹ́ǹṣì kejì bó bá wá kí mi ní Àkúrẹ́ níbí. Àwọn kan nínú yín ti bi mí pé, “Bàbá, àbúrò yín dà? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta.” Mo máa ń ní iṣẹ́ ló dí i lọ́wọ́. Irọ́ ni mo ń pa. Nínú ilé Ọlọ́run! Olúwa, dárí jì mí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Akin ní oko kókó kékeré kan ní Ìlú-Àbò. Ní ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, ó wá yá mọ́tò mi láti fi kó irúgbìn lọ síbẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ tán, ó fọ mọ́tò mọ́ tónítóní, ó dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.” Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ sí gáréèjì.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, bí mo ṣe ṣíná mọ́tò láti wá síbí, iná kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó pọ́n bí ọsàn, ó rí bí àwòrán ẹ́ńjìnnì. Kò kú.

Kí ni mo ṣe? Ẹ rántí sítíkà tí ìjọ pín fún wa lọ́dún yẹn, “Ọdún Ìtura Mi Rèé”? Mo ta òróró sí iná náà lójú, mo gbàdúrà, mo lẹ sítíkà mọ́ ọn. Òróró ò jẹ́ kó lẹ̀. Mo nù ún, mo tún un lẹ̀. Ìtura dé. N kò rí iná mọ́.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tura. Mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Kò tú nǹkan kan wò. Ó kàn dẹtí sí i, ó mi orí.

“Bàbá, ta ló wà á kẹ́yìn?”

“Àbúrò mi ni.”

“Há! N ò sọ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń yọ irin olówó ńlá lábẹ́ mọ́tò báyìí.”

Ó ní òun ò sọ nǹkan kan. Èmi gbọ́ ọ.

Mo gba Oǹdó lọ. Mo bá Akin níwájú ilé, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àna tuntun, nítorí Morẹ́nikẹ́ ọmọ wọn ń múra àtilọ sílé ọkọ. Bó ṣe rí mi, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

“Má dọ̀bálẹ̀,” ni mo wí. “Ohun tí o yọ lábẹ́ mọ́tò mi, lọ gbé e wá.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi?”

“Rárá o, iwin ni!”

Ó wo àwọn àna rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.” Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ẹyin lohùn, ará. Èmi tí mo fi òwe yìí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni mo fọ́ ẹyin náà mọ́ ọmọ ìyá mi lójú.

Oṣù mẹ́jọ ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀! Nínú oṣù mẹ́jọ náà ni ìgbéyàwó Morẹ́nikẹ́ bọ́ sí. Nílé wa, àgbà ilé ló máa ń gbọ́wọ́ lé ìyàwó lórí kó tó jáde nílé baba rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọmọ náà lórúkọ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ábídí. Ìyàwó Akin pè mí: “Bàbá Fọlákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, nítorí ọmọ.” Mo ní n kò lè bá olè jókòó. Ìbátan wa kan ló jókòó sórí àga mi. Òun ló gbàdúrà. Ní wákàtí tí ọmọ náà kúnlẹ̀, mo wà lábẹ́ igi ní Àkúrẹ́, mo ń fọ mọ́tò.

Ṣé mo ní ẹ̀rín yẹn ò ní pẹ́.

Àjíǹde dé, Fọlákẹ́ ọmọ mi tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ mọ́tò nílé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ wá kí mi. Ó ní kí n gbé òun dé Ọjà Ọba. Ó jókòó níwájú, ojú rẹ̀ bọ́ sára sítíkà.

“Bàbá mi, kí lẹ fi èyí bò?”

“Ìtura ni.”

“Ìtura kẹ̀!” Ó ká a kúrò. Iná ń wò wá. “Yéè! Mọ́tò ń pè yín látọjọ́ yìí, ẹ wá fi bébà dí i lẹ́nu?”

A ò dé ọjà mọ́. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀, kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó tì í bọ ihò kan lábẹ́ sítíárìn, ó wo fóònù rẹ̀, ó ka ohun tó jáde.

“Bàbá, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì rárá. Ooru epo ló ń jò jáde nínú táńkì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọmọrí rẹ̀.”

Ó lọ sẹ́yìn, ó yí ọmọrí táńkì. Ó ń yí, ó ń yí, kò mú. “Ọmọrí mọ́tò yìí kọ́ nìyí.”

Mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ọ̀sẹ̀ méjì kí Akin tó yá mọ́tò, mo gbé ojúlówó ọmọrí lé orí mọ́tò nílé epo, mo gbàgbé, mo wà á lọ. Ojú tì mí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ra àlòkù kan tó jọ ọ́, mo fi dé e.

“Ṣùgbọ́n, Fọlákẹ́, iná ò tàn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ìgbà tí Akin wà á tán ló tàn.”

“Ṣé ẹ máa ń rọ epo tó pọ̀ sí i ni?”

“Ta ló ń rọ epo púpọ̀ láyé ìsinsìnyí? Díẹ̀díẹ̀ ni.”

“Ẹ ò rí i? Bí epo bá ti lọ sílẹ̀ jù, mọ́tò kì í yẹ ara rẹ̀ wò bóyá táńkì ń jò. Àfi kí epo wà níwọ̀n. Ó ní láti jẹ́ pé Dádì Oǹdó rọ epo sí i fún yín.”

Mo wá rántí. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, ọwọ́ tó ń ka epo ti kọjá ààbọ̀. Iná nìkan ni mo rí. N kò rí epo. Oore tí àbúrò mi ṣe fún mi, tí kò tilẹ̀ sọ, òun ló tan iná tí mo fi pè é lólè.

Fọlákẹ́ wá ojúlówó ọmọrí, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ pa iná náà, ó ní ká rọ epo kọjá ààbọ̀, ká wà á fún ọ̀sẹ̀ kan ká tó yọ̀. Ọ̀sẹ̀ pé. Iná ò tàn mọ́. Ẹ ṣé, Olúwa! Mọ́tò ti rí ìwòsàn. Èmi ńkọ́?

Mo wà á lọ sí Oǹdó. Ẹ mọ̀ pé àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe dípò rẹ̀. Mo kàn na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí i.

“Akin, èmi ni mo sọ ọmọrí nù. Ìwọ lo rọ epo. Jọ̀ọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ ka irin abẹ́ rẹ̀ kí n tó wọ inú rẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ó gba kọ́kọ́rọ́. Ó gbé mi dé ilé epo, òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ lọ dé ọmọrí. Ọmọrí mú, ó dún ká, ká, ká.

“Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Mo gbọ́ ọ.”

Òun ló wà ní bẹ́ǹṣì kejì yẹn. Akin, gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n rí ọ. Ẹ ṣé, Baba! Ẹ ṣé, ẹ ṣé!

Ẹ̀yin tí nǹkan kan ń dà láàmú lónìí, Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi kò ní ṣàì gbọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ń fura sí, ẹ má tíì dárúkọ rẹ̀. Ọmọrí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín dé, ẹ kọ́kọ́ lọ yí i wò.

Ọ̀kan ló kù. Mo pe Morẹ́nikẹ́ nílé ọkọ rẹ̀. Ó kí mi dáadáa, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá Àkúrẹ́,” ó béèrè orúnkún mi, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tóun máa wá. N kò bá a wí. Àdúrà tí n kò gbà fún un lọ́jọ́ náà ṣì wà lẹ́nu mi. Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀yin ará mi. Kí ẹ sì bá mi bẹ ọmọ náà, kó wá gbà á kí ẹnu yìí tó pa dé.