Íńṣì Mẹ́rin Tí Mo Rí Tí Mo Dákẹ́

Ọkọ mi wà láàyè, ó ń jẹun, ó sì ń bá mi jiyàn. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, tí mo bá ṣí ìwé ìwọ̀n aṣọ ilé wa, ojú a máa tì mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí àìsàn náà, èmi náà ni mo sì pa ìwé dé.

Èmi ni mo máa ń kọ nǹkan ilé wa sílẹ̀, títí kan ọjọ́ tí eyín ọmọ kọ́kọ́ hù. Lóṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, kí iṣẹ́ tó wọ télọ̀ lọ́rùn, mo máa ń fi téèpù wọn gbogbo ilé fún aṣọ ọdún Ìtúnu. Ọkọ mi, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú, jẹ́ íńṣì méjìdínlógójì ní ìbàdí nígbà Iléyá. Nígbà tí mo tún wọ̀n ọ́n, ó di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ààwẹ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ní téèpù ló ti gbó.

Ààwẹ̀ wọlé, ó túbọ̀ ń rù. Ó ní òkè ikùn ń dun òun, ìrora náà sì ń gún òun dé ẹ̀yìn, àfi tí òun bá tẹ̀ síwájú. A lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ẹ̀pẹ́, mo sì rọra sọ ọ̀rọ̀ ìbàdí náà fún wọn.

“Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ máa sanra ni? Àbí àgbò Iléyá lò ń sìn?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. A délé, mo pa ìwé náà dé. Ta ló fẹ́ kí àna òun ní òun ń ka eegun ọkọ òun?

Ọdún kọjá tán, funfun ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, gbogbo ara ń yún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ibà pọ́njú ni, wọ́n fi àgbo ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bù ú fún un mu. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ọjọ́ tí mo ṣí ìwé láti kọ ọ̀rọ̀ àgbo náà sí i ni ojú mi tún bọ́ sórí nọ́ńbà méjèèjì. Ààwẹ̀ wo ló ń mú ènìyàn rù kó tó dé? Mo ki ìwé bọ báàgì.

“Bàbá Rìsíkátù, ẹ wọ bàtà yín. Ọsibítù yá.”

“Nítorí ìwé télọ̀?”

“Nítorí ìwé télọ̀ ni, sà.”

Dókítà ka ìwé náà, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ṣúgà ti ga, bẹ́ẹ̀ kò sí àtọ̀gbẹ nínú ìdílé wọn. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀: jẹjẹrẹ ni, lára ẹ̀yà ara kan tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù, tí òyìnbó ń pè ní pancreas. “Kò tíì tàn,” ni dókítà wí. “Ó ṣì ṣeé gé.” Wọ́n gé e. Oògùn tó tẹ̀ lé e mú irun rẹ̀ re, ó sì bì títí, ṣùgbọ́n a là á já.

Kì í ṣe gbogbo ojú pípọ́n ni jẹjẹrẹ, mo mọ̀. Ọsibítù ni kó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, kì í ṣe àgbo, kì í sì í ṣe ẹ̀rín àna.

Lọ́dún yìí, dókítà ní ọkọ mi kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n mo wọn gbogbo ilé bí ìṣe mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n di etí téèpù mú.

“Kà á sókè, Ìyàwó, kí n gbọ́.”

Márùndínlógójì. Mo kọ ọ́ gàdàgbà.