Ìlà Omi Tí Mo Fi Ọ̀dà Bò

Kọ́láolúwa ń fi ìka kan ògiri pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó ń fi apá wọn ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa gbà. Ó ké láti inú lọ́hùn-ún pé, "Yàrá yìí ló máa dáa fún Màmá. Ó sún mọ́ ilé ìwẹ̀." Ilé ni wọ́n wá rà, ní Okota, ní òpópónà kan tó yà lára Àgọ́ Palace. Kẹ́milọ́lá tó fẹ́ ta ilé náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ gbera. Ògúnlànà, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀. Èmi ni mo ta ilé náà fún Kẹ́milọ́lá, èmi ni wọ́n sì pè wá jẹ́rìí. Kọ́láolúwa yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ gbé ibí pẹ́. Ṣé omi kì í wọlé?"

Kí n tó sọ èsì tí mo fún un, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mi ò ní gbé e lọ sí sàréè. Ògúnlànà ní bí mo bá sọ ọ́ síta, kò sẹ́ni tó máa ra ilé ládùúgbò náà mọ́. Kí wọ́n má rà á. Mo ti darúgbó ju ẹni tí wọ́n ń fi ìpàdé ẹgbẹ́ dẹ́rù bà lọ. Àbdùlgàfár lorúkọ mi. Ọmọ Ìséyìn ni mí. Ọ̀dà ni mo tà ní Òṣòdì títí agbára fi tán.

Omi ń wọ ilé náà. Bí òjò bá ti le, kánààlù á kún, á sì padà sọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí onílé kọ̀ọ̀kan fi mọ odi kékeré oní-sìmẹ́ńtì sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. A ó gbé ẹsẹ̀ rékọjá rẹ̀ kí a tó wọlé. Àlejò ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Ìsíátù ìyàwó mi gbọ́n omi nínú ilé yẹn títí tó fi kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo ní ó tó, màá tà á.

Ẹni tó bá gbọ́n, ìgbà òjò ló ń wo ilé ní Okota. Nítorí náà mo dúró de ọyẹ́. Mo fi òòlù fọ́ odi ẹnu ọ̀nà, mo fi táìlì bo ojú ibẹ̀. Omi ti fa ìlà rúsúrúsú yí gbogbo ògiri ká, ó ga dé orúnkún mi. Mo ha á, mo kùn ún. Mo mọ ọ̀dà. Mo mọ èyí tó ń bo àbàwọ́n fún ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo mọ èyí tó ń pẹ́. Èyí tó ń pẹ́ ni mo lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tà á fún èmi náà. Mi ò fi ṣe àwáwí.

Kẹ́milọ́lá mú ìyá rẹ̀ wá wò ó. Tíṣà ni Kẹ́milọ́lá. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, ilé tí kò ní àtẹ̀gùn ni wọ́n ń wá. Ojú ìyá náà mú. Ó wo ẹnu ọ̀nà mi, ó wo tàwọn ará ẹ̀gbẹ́. Ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí gbogbo ilé tó kù fi ní odi lẹ́nu ọ̀nà, tí tiyín kò ní?"

Ògúnlànà já a gbà láti ojú fèrèsé rẹ̀: "Nítorí eku ni, Màmá! Eku Okota ti sanra jù, wọn kò lè fò."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín jù wá lọ. Ó ní, "Ti Bàbá wá ńkọ́? Ṣé tiyín ń fò ni?"

Mo ní, "Èmi ní ológbò."

Kẹ́milọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ sórí táìlì tí mo fi bo ojú odi. "Bàbá, bàbá tó bí mi ti kú, mi ò ní ẹni tó máa bá mi wo ilé. Ẹ fi mí ṣe ọmọ yín. Ṣé omi ń wọlé?"

Mo ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi kò rí omi nínú ilé yìí rí." Mo fi wàláì tì í.

Mo fi owó rẹ̀ ra ilé sí Ìsọlọ̀, lórí ilẹ̀ gíga, níbi tí omi ti ń sá kúrò lọ́dọ̀ ẹni. Òjò dé. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan mo jókòó sí ìta, mo ń jẹ àgbàdo sísun. Ọ̀run ti dúdú láti àárọ̀. Fóònù dún. Mo rí orúkọ Kẹ́milọ́lá. Mo mọ̀ pé omi ni. Mo rò pé èébú ló fẹ́ bú mi. Mo da ojú fóònù dé orí àga. Ó tún dún. Ó tún dún. Mo jẹ àgbàdo mi tán.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé kì í ṣe èébú. Ilé ìwé ló wà, omi ti dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ó fẹ́ kí n ké sí ará àdúgbò kan kí wọ́n bá a gbé ìyá rẹ̀ jáde. Wọn ò tíì pẹ́ níbẹ̀, nọ́ńbà ẹlòmíì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi rí ìyá náà, ó ti jókòó sínú omi títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òtútù wọ àyà rẹ̀. Òjò ọdún náà kò tíì dá tó fi kú. Mo lọ síbi ìsìnkú. Mo sọ fún Kẹ́milọ́lá pé fóònù mi kò sí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ó ní kò burú.

Ọyẹ́ míì dé, òun náà fẹ́ ta ilé. Kò ní kí n dá owó padà. Ó ní, "Ẹ wá sọ fún wọn bí ẹ ṣe sọ fún mi. Ìyẹn nìkan lẹ jẹ mí." Mo gbà. Ìdí tí mo fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ purọ́ náà, ó ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó Kọ́láolúwa tún ké láti inú yàrá, ó ní Màmá á gbádùn ibẹ̀.

Mo ní, "Ó ń wọlé. Ó ga dé ibí." Mo fọwọ́ kan orúnkún mi. "Yàrá tí ìyàwó rẹ wà yẹn ni omi ti bá ìyá arábìnrin yìí."

Ìyàwó náà jáde kíá. Ògúnlànà fò dìde. "Bàbá Teslim! Ṣé ẹ ò ṣàìsàn? Ilé gbogbo wa lẹ bà jẹ́ yìí o!"

Mo ní, "Sọ ti eku fún wọn."

Tọkọtaya náà lọ. Ògúnlànà bínú jáde. Kẹ́milọ́lá kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Nígbà tí mo fẹ́ rà, irọ́. Nígbà tí mo fẹ́ tà, òótọ́. Bàbá, ṣé èmi nìkan lẹ rí?" Mo wá sọ ti fóònù fún un, pé mo rí orúkọ rẹ̀, pé àgbàdo ni mo ń jẹ. Ó jókòó sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilé Ìsọlọ̀, mo gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Owó rẹ ló rà á. Máa lọ gbé ibẹ̀, èmi á padà síbí."

Teslim ọmọ mi pariwo dé ojú títì. "Ogún wa, Bàbá! Ogún wa lẹ gbé fún àlejò!" Mo ní ilé tí ìyá ẹlòmíì kú nítorí owó rẹ̀ kì í ṣe ogún. Bó bá fẹ́ ogún, kó máa bọ̀ ní Okota, kó mú garawa dání.

Ẹgbẹ́ onílé ní kí n wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Mi ò lọ. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ni mo bẹ̀. Kò kí mi títí di òní, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àwọn ẹlòmíì ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Èmi kọ ọ́ pé OMI Ń WỌ ILÉ YÌÍ. Ògúnlànà ní kí wọ́n kùn ún pa. Mo tún un kọ. Ọ̀dà ò lè wọ́n mi.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń wá ilé, ẹ wá nínú òjò. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Bí àgbàlagbà bá fi ẹ̀rín dá yín lóhùn, ẹ máa lọ.

Mo ti mọ odi ẹnu ọ̀nà padà. Ọ̀dà inú ilé ti ń ṣí. Ìlà náà ti jáde yí yàrá ká, ó ga ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ.