Ojúàmì Tí Mo Fi Kún Un

Ẹ̀yin dókítà kékeré, ẹ gbé bírò yín sílẹ̀ ná. Ọ̀la ni mo máa fẹ̀yìn tì, ohun tí mo gbé mì láti ọdún mọ́kànlélógún, ọ̀fun mi ti kọ̀ ọ́.

Káfíńtà kan ni. Ọkàn rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dá ṣáká. Nígbà tí mo ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní, "Dókítà, ẹ tètè dá mi sílẹ̀ o. Àga mẹ́fà ń dúró dè mí nílé, kò sì sí èyí tó lẹ́sẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu mi tí mo fi kọ oògùn rẹ̀. Odo, ojúàmì, márùn-ún, ìyẹn ìdajì, ló yẹ kí n kọ. Márùn-ún gbáko ni mo kọ, ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì mú ìwé náà wá bá mi. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ? Ó pọ̀ lójú mi." Mi ò tilẹ̀ wo ìwé. Mo ní, "Ta ni dókítà nínú àwa méjèèjì?" Ó lọ fún káfíńtà lóògùn náà. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé wọ́ọ̀dù, káfíńtà ti kú.

Ẹ má tíì ṣàánú mi. Àṣìṣe nìyẹn, ẹni tó ń rìn ni í fẹsẹ̀ kọ. Èyí tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n ṣe ni. Mo jókòó ti fáìlì náà, mo fi odo kan àti ojúàmì kan síwájú márùn-ún. Ó wá dà bíi pé nọ́ọ̀sì ló ṣi ìwé kà. Àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn pe nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kò ríran dáadáa, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo wà níbẹ̀. Bàtà mi ni mò ń wò.

Nítorí pé ìwé ti mọ́, ẹnikẹ́ni ò wádìí bí a ṣe ń kọ oògùn. Lọ́dún kejì, dókítà kékeré mìíràn ṣe irú àṣìṣe yẹn nígbà tó ń kọ oògùn fún obìnrin kan. Obìnrin náà kú. Èmi ni mo ni ẹ̀bi ìyẹn náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá nọ́ọ̀sì náà lọ sílé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò bú mi. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Dókítà, ṣé mo ríran nígbà náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.

Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwòsàn. Kí wọ́n ṣe mí bó ṣe tọ́. Ẹ̀yin ni mo bẹ̀: bí ọwọ́ yín bá ṣì, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n kí ẹ̀mí mìíràn tó bọ́. Kí ìdílé káfíńtà àti ti obìnrin yẹn dárí jì mí, bí wọ́n bá lè ṣe é. Bí wọn ò bá lè ṣe é, ẹ̀tọ́ wọn ni.