Àkànní Tí Àwọn Obìnrin Apapa Ń Wá

Nígbà tí ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́ láìwo awò, tí mo ṣì lè ti Ajégúnlẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé Apapa kí n tó mí kanlẹ̀, iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, télọ̀ ni. Ìyá yín náà lè jẹ́rìí, abẹ́ maṣíìnì ìránṣọ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rá kòrò. Èyí tí wọn ò mọ̀… ìwé ìfẹ́ ni mo ń kọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwọ Tèmi, ọmọ-ọmọ mi, tó ò ń kọ ìtàn ìfẹ́ sórí fóònù, ta lo rò pé o fi jọ?

Ìwé pẹlẹbẹ ni, o lè ká a sínú báàgì. Bàbá Ṣójì ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Olodi-Apapa. Alàgbà ìjọ ni bàbá yẹn, ó máa ń fi ìka tó kún fún íńkì họ irùngbọ̀n rẹ̀, irùngbọ̀n funfun wá di dúdú láìra aró. Nígbà tí mo gbé àkọ́kọ́ lọ bá a, ó kà á tán, ó yọ awò ojú, ó ní, "Bísí, ó dùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ìfẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ? Wọn á ní ò ń polówó ara rẹ ni."

Mo ní kí la máa wá ṣe. Ó ní ká wá orúkọ ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bí Àkànní Onífẹ̀ẹ́ sínú ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé, láìsí agbẹ̀bí, láìsí ìkómọ.

Ẹ gbọ́, ìtàn ìfẹ́ inú rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń tà á. Ojú ewé tó kẹ́yìn ni. Níbẹ̀ ni Àkànní ti máa ń bá àwọn òǹkàwé sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Á ní òjò wọ yàrá òun lánàá, bẹ́ẹ̀dì rin gbingbin. Á ní òun ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ, ìdajì aṣọ jọ̀lọ̀, ìdajì rún. Á ní òun gbé ọbẹ̀ kaná, ìtàn wọ òun lára, ọbẹ̀ jóná. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Èmi ni òjò ń pa. Ọbẹ̀ mi ló jóná.

Lónìí, ẹ máa ń ya fọ́tò oúnjẹ kí ẹ tó jẹ ẹ́. Nígbà tiwa, kíkọ la máa ń kọ ọ́. Ẹni tó bá kà á á sì gbọ́ òórùn rẹ̀.

Bí ìwé tuntun bá ti jáde, èmi náà ni mò ń kiri rẹ̀. Màá dé Warehouse Road nígbà tí àwọn akọ̀wé bá jáde wá jẹun ọ̀sán. Màá ka ojú ewé kìíní fún wọn, ibi tó bá ti ń dùn ni màá ti pa ìwé dé. Láti ibẹ̀, ó di Marine Beach, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń dúró de ọkọ̀ ẹja.

Wọ́n á bi mí, "Àǹtí Télọ̀, ṣé ẹ mọ Àkànní yìí?"

Màá ní, "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Ṣé ó ga?"

"Kò ga jù mí lọ."

"Ṣé ó níyàwó?"

"Kò ní."

"Ta ló wá ń dáná fún un?"

"Fúnra rẹ̀ ni. Kò sì mọ̀ ọ́n ṣe."

Ẹ wá sọ fún mi, èwo ni irọ́ nínú ìyẹn?

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́ ẹ. Sísí Kàró ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ni ní Warehouse Road, arẹwà obìnrin, bàtà rẹ̀ á ti máa dún ko-ko-ko kí ojú tó rí i. Ó gbé kúlà ọbẹ̀ kan lé mi lọ́wọ́, ó fi okùn di ìdérí rẹ̀ pinpin. Ó ní kí n bá òun gbé e fún Àkànní, kí n sọ fún un pé obìnrin kan wà tí ọbẹ̀ rẹ̀ kì í jóná. Mo gbà á. Mo gbé e délé. Ṣé kí n jẹ́ kó bàjẹ́ ni? Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́, ó tún fi ọbẹ̀ mìíràn ránṣẹ́. Ẹlòmíràn fi bọ́tìnì ránṣẹ́, nítorí Àkànní kọ ọ́ pé bọ́tìnì òun já. Mo rán an mọ́ aṣọ mi. Tèmi, o ní àwọn òǹkàwé rẹ ń fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́ sí ọ. Ṣé ó ṣeé fi jẹ ẹ̀bà?

Ọ̀dọ̀ Sàfú ni ọ̀rọ̀ ti wá yíwọ́.

Sàfúrátù ń ta ẹja inú yìnyín ní Marine Beach. Ọkọ rẹ̀ ni Àlàájì Gàníyù, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ní àwọn lọ́rì tó ń kó ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bó bá wọlé, ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Oúnjẹ dà?" àti "Ta ló gbé sálúbàtà mi?" Ó tán.

Sàfú ò kàwé lọ títí. Ìwé Àkànní ló fi ń tún ìwé kíkà kọ́, á máa fi ìka tó ní òórùn ẹja tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ìwé yẹn, ọkùnrin kan ti ibiṣẹ́ wọlé, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó, ó ní, "Ó ti rẹ̀ ọ́. Má dìde." Ibẹ̀ yẹn ni Sàfú dúró sí. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Àǹtí Télọ̀, ṣé ọkùnrin ló kọ èyí? Ọkùnrin ló mọ̀ pé ó máa ń rẹ obìnrin?"

Mo ní, "Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ kan, ó fi ẹja ńlá kan ta mí lọ́rẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn délé. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé tó kẹ́yìn pé obìnrin ẹlẹ́ja kan ní Marine Beach fún Àkànní lẹ́ja, ẹ̀rín rẹ̀ sì tẹ̀ lé e délé. Kí ni mo mọ̀? Ẹ̀rín ni mò ń yìn.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn, Sàfú wọlé lọ́jọ́ òjò kan, gbogbo ara rẹ̀ ti kú. Àlàájì ní, "Oúnjẹ dà?" Sàfú wọ yàrá. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ ní Olodi-Apapa. Àlàájì bá a débẹ̀, ó bi í pé kí lòun ṣe. Sàfú ní, "Àkànní mọ̀ pé ó máa ń rẹ̀ mí. Ẹ̀yin ò mọ̀."

Orúkọ ọkùnrin, lẹ́nu ìyàwó ilé… Àlàájì ní kí ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ rẹ̀ tó mọ̀wé lọ wá ìwé Àkànní wá, kó kà á sí òun létí. Awakọ̀ yẹn kà á dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ó ka ẹja. Ó ka ẹ̀rín.

Ó wá di ọjọ́ tí ìwé tuntun máa jáde. Kí ọjà lè yá ni Bàbá Ṣójì ṣe ti lọ ń sọ fáwọn oníbàárà pé ó ṣeé ṣe kí Àkànní fúnra rẹ̀ yọjú. Kò sọ fún mi o. Mo kàn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ni mo bá àwọn obìnrin tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Sísí Kàró ti kun ètè. Sàfú àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lápá kan. Lórí bẹ́ńṣì, ta ni mo rí? Àlàájì, nínú agbádá, tó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Awakọ̀ rẹ̀ méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà bíi géètì.

Àlàájì ní, "Bàbá, mi ò bá yín jà. Àkànní ni mo wá rí."

Bàbá Ṣójì ní, "Ó… ó ń bọ̀, sà." Àgbàlagbà tó tó Àlàájì í bí, ó ń pè é ní sà.

"Níbo ló ti ń bọ̀?"

Bàbá Ṣójì wò mí. Mo wo àjà.

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ yẹn, ọmọ Ajégúnlẹ̀ pọ́ńbélé, ní, "Oga, make we carry the machine go? If we carry am, the man go show."

Àlàájì ní kó ṣe sùúrù. Ó dìde, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Sàfúrátù, bí ọkùnrin yìí ò bá yọjú kí n tó kúrò níbí, mo ti mọ̀ pé òótọ́ ni. Màá kọ̀ ọ́ sílẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó dúró yìí."

Sàfú ń wo ilẹ̀. Níbo ni yóò ti mú ọkùnrin tí kò sí nílé ayé jáde? Mo mọ̀ pé ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Mo ní, "Àlàájì, èmi ni Àkànní."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ yẹn ní, "Aunty, abeg, shift." Àlàájì ní, "Ìwọ ọmọ yìí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Bàbá Ṣójì ń mi orí pé òótọ́ ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́? Ṣebí òun náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó ń bọ̀.

Ni Sísí Kàró bá jáde síwájú, ko-ko-ko. Ó ní, "Ó dáa. Ọbẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí Àkànní kẹ́yìn, tí mo fi okùn dì, kí ló wà nínú rẹ̀?"

Mo ní, "Ọbẹ̀ ata ni. Ṣàkì wà níbẹ̀, ẹyin sísè wà níbẹ̀. Iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, omi ni mo fi là á kó tó ṣeé jẹ."

"Iyọ̀ pọ̀?"

"Ó pọ̀."

"Ìwọ lo ń jẹ ọbẹ̀ mi láti ọjọ́ yìí?"

"Èmi náà ni mo jẹ mọ́ínmọ́ín."

Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi di ògiri mú. Awakọ̀ yẹn ní, "Na she. Na she chop am." Ọ̀rọ̀ ti yé Àlàájì náà, ojú tì í, ó ń tún agbádá ṣe láìsí ohun tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n Sàfú ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lé ìdì pépà kan, ó ń sunkún. Mo lọ bá a. Mo ní, "Sàfú, ó ti tán, gbogbo wọn ti mọ̀ pé o ò ṣe nǹkan kan."

Ó ní, "Ìyẹn kọ́. Mo rò pé ọkùnrin kan wà láyé tó mọ̀. Ẹyọ kan péré. Àṣé obìnrin ni. Ó túmọ̀ sí pé kò sí."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wa.

Àlàájì ló sọ̀rọ̀. Ó ti ṣí fìlà, kò sì wo ojú ẹnì kankan. Ó ní, "Mo máa ń rí i. Bó o bá ti dé, ọwọ́ rẹ á ti funfun nítorí yìnyín. O kì í lè di abọ́ mú dáadáa. Mo máa ń wò ó. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ ọ́ jáde ni."

Èmi? Mo ti ń wá pẹ́ńsù tí mo há sínú irun. Ẹ má dá mi lẹ́bi, ibi tí ẹlòmíràn ti ń sunkún ni òǹkọ̀wé ti ń ṣa ọ̀rọ̀.

Sàfú ò tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ náà. Inú ìwé nìkan nìyẹn ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Àlàájì wá sílé ẹ̀gbọ́n òun bí ẹni tó ń wá ìyàwó. Ó wá. Ó tún wá. Ẹ̀gbọ́n yẹn sọ fún mi pé á jókòó, á máa làágùn, á ní, "Oòrùn mú lónìí… ó ti ní láti rẹ̀ ọ́," bí ọmọ iléewé tó ń ka àkọ́sórí. Àwọn obìnrin inú yàrá á ti máa fi ìrọ́rí bo ẹnu. Nígbà tó yá, àánú rẹ̀ ṣe Sàfú, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó padà sílé.

Sísí Kàró gba kúlà rẹ̀. A sì di ọ̀rẹ́. Èmi náà ni mo rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n, ó ní, "Má jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ jù nínú èyí o."

Ìwé tó tẹ̀ lé e, mo ní kí Bàbá Ṣójì fi orúkọ mi sí i. Ó ní kò ní tà. Mo ní kó ṣáà tẹ̀ ẹ́. Mo fi ọ̀rọ̀ Àlàájì sínú rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìgbà tó di ọjọ́ kan, Àlàájì gbé ìwé yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rọra gbé sísọ́ọ̀sì kúrò nítòsí rẹ̀. Ó jókòó.

"Ọkùnrin inú ìwé yìí, ṣé èmi ni?"

Mo tẹjú mọ́ aṣọ tí mò ń rán.

"Kí ló dé tó o fi kọ ọ́ pé ó kúrú?"

Mo ní, "Àlàájì… ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín."

Ó ní, "Nínú èyí tó ń bọ̀, fi díẹ̀ kún un. Sàfú ń kà á fún gbogbo ará ilé."

Mo fi kún un. Kí ló ná mi?

Hmm… ayé ti yí. Bàbá Ṣójì ti lọ. Àlàájì lọ, Sàfú náà tẹ̀ lé e. Nísinsìnyí, èèyàn á wà nínú yàrá, á máa ka ìtàn ìfẹ́ lórí fóònù, omijé á máa bọ́, ẹni tó jókòó tì í ò ní mọ̀. Láyé ìgbà tiwa, bí obìnrin kan bá sunkún lórí ìwé, gbogbo ojúlé á gba ìwé yẹn kà, wọ́n á sì pawọ́ pọ̀ bú ọkùnrin inú rẹ̀.

Tèmi, máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n máa gbójú kúrò lórí fóònù, kí o wo èèyàn kí o tó kọ nípa èèyàn. Ẹ̀yin tó kù, bí ẹ bá rí nǹkan lára ẹni yín, ẹ sọ ọ́ jáde, kí ẹ sì ṣe nǹkan sí i. Ẹ wò ó, láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ lẹ ti ń wo ẹnu mi. Ẹ rí i pé ọ̀fun mi ti gbẹ. Ta ló ti dìde lọ bu omi wá nínú yín?